Mọ́tò Tí Màmá Mi Kò Gbọ́ Bíbọ̀ Rẹ̀

Láti bí ọdún méjì báyìí, kò sí ibi tí mo dé tí wọn kì í bi mí ní ìbéèrè kan náà. Tí a bá jáde ìsìn, àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì á yí mọ́tò mi ká. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Ekiadolor, níbi tí mo ti ń ṣe olùkọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. "Mà, ẹ sọ òótọ́ fún wa. Mọ́tò oníná yìí, ṣé kò tíì sú yín? Ṣé ẹ ò ní padà sí elépo?" N kì í ronú kí n tó fèsì. "Kí n padà síbo? Ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé, ṣé ó máa ń padà lọ torí pé ó gbàgbé bàtà síbẹ̀?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tú ká. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á tún béèrè.

Ohun tí n kì í sọ fún wọn ni pé ó ku díẹ̀ kí n padà lóòótọ́. Ó kù bíńtín. Kì í ṣe bátìrì ló fẹ́ dá mi padà, kì í ṣe àìsí iná, kì í ṣe Òkè Ikpoba. Màmá mi ni.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni wá, ibẹ̀ ò sì jìnnà sí Benin. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé ìlú yìí, Oregbeni ni ilé mi wà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Àwọn ọmọ ti lọ yunifásítì. Àwọn yẹn gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ tí o bá fi kí wọn, òyìnbó ni wọ́n á fi dá ọ lóhùn. Èmi fúnra mi, olórí kunkun ni mí, mi ò ní parọ́. Màmá mi ní láti kékeré, tí wọ́n bá ní kí n gba ọ̀tún, òsì ni màá gbà, tí mo bá sì ṣìnà, màá ní ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn.

Ọdún mẹ́fà ṣáájú kí n tó ra mọ́tò oníná ni Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ojú ló mú wọn wá. Ìríran wọn lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Àkúrẹ́ àti èmi bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó gbà láti kúrò nínú ilé wọn ní Ọ̀wọ̀, àdéhùn kan ni wọ́n sì bá mi ṣe: "Mi ò wá síbẹ̀ kí ẹ máa bu oúnjẹ síwájú mi bí ẹyẹ inú àgò. Iṣẹ́ ni kó o fún mi." Mo ní kò burú. Wọ́n bọ́ sí ilé ìdáná, iná jó wọn lọ́wọ́. Wọ́n gba ìgbálẹ̀, wọ́n gbá ìdajì, wọ́n fi ìdajì sílẹ̀, èmi náà sì lọ tún un gbá. Wọ́n gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ mi, inú wọn bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fúnra wọn wá iṣẹ́ fún ara wọn, láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Géètì.

Mọ́tò tí mo ń lò nígbà náà, arúgbó ni. Sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti lu, tó bá ń yí kọ́nà àdúgbò wa níbi ìsọ̀ káfíńtà, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí bàbá tó ti mu tábà fún ogójì ọdún. Màmá á gbọ́ ọ láti fàráńdà. Wọ́n á wé gèlè kékeré kan, torí wọn kì í jáde lórí lásán. Wọ́n á mú ọ̀pá. Wọ́n á máa ka ìṣísẹ̀ wọn sókè: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé èjìlélógún, ibi tí irin tí a fi há géètì wà. Kí n tó débẹ̀, géètì ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, Màmá ti dì í mú bí ẹni di okùn màlúù mú. "Káàbọ̀, ọmọ mi! O káre!" Nígbà kan mo ní kí n gba mégáàdì kí wọ́n lè sinmi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe kọ epo sílẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni mo ti ń fi eyín pa eyín. Mo ń ti Oregbeni lọ Ekiadolor lójoojúmọ́, ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé wọ́n jìnnà síra bí orí ṣe jìnnà sí ìrù. Mo fara dà á. Mo tò lórí ìlà nílé epo títí oòrùn fi pa mí lórí. Lọ́jọ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń ṣe ìdánwò, tó jẹ́ pé ọwọ́ mi ni ìbéèrè wà, mọ́tò dákú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọ̀nà. Mẹkáníìkì kan tú ẹnu ọ̀nà epo, ó fi imú gbọ́ ọ, ó mi orí. Omi ni wọ́n bù lu epo tí mo rà láàárọ̀ ọjọ́ náà! Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nínú eruku, ìbéèrè ìdánwò lábẹ́ abíyá, mo sì sọ ọ́ ketekete kí mẹkáníìkì náà gbọ́: "Èmi àti epo ti parí láyé tí mo wà yìí." Ọkùnrin náà rò pé inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi lóòótọ́, àmọ́ mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Mo ta arúgbó náà. Mo ra tòkúnbọ̀ oníná kan tó funfun báláú. Mo fi sólà sórí òrùlé. Kì í ṣe pé mọ́tò náà ò ní àléébù o. Nígbà òjò, tí ojú ọ̀run bá ṣú fún ọjọ́ mẹ́rin, sólà a máa ya ọ̀lẹ. Iná ìjọba, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Òkè Ikpoba sì máa ń jẹ bátìrì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wà tí mo fi àdúrà gun òkè yẹn, mo pa ẹ̀rọ amúlétutù, òógùn bò mí, nọ́ńbà iwájú mi sì ń wálẹ̀ bí ẹni ń ka ọjọ́ ikú fún mi. Mo délé. Mo kí ọkọ̀ mi kú iṣẹ́. Kò sí èyí tó mú mi ronú epo ní ìṣẹ́jú kan.

Àmọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi í ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Inú mi ń dùn, mo ń kọrin. Mo yí kọ́nà káfíńtà, mo dé ẹnu géètì. Ó tì pa. Mo yọjú láàárín irin, mo rí Màmá lórí fàráńdà, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí. Wọ́n ti wé gèlè. Ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n kọ etí sí ọ̀nà kọ́nà, wọ́n ń dúró de mọ́tò tó ti wà níwájú wọn.

Èmi òmùgọ̀, mo rò pé eré ni. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo na ọwọ́ wọ inú ihò géètì, mo ṣí i, mo sì wakọ̀ wọlé. Gbogbo ohun tí Màmá gbọ́ kò ju kí òkúta wẹẹrẹ máa fọ́ lábẹ́ táyà. Ẹ̀gúsí fò, wọ́n dìde pẹ̀lú ọ̀pá. "Ta nìyẹn? Ta ló wọlé? Olè! Olè o!" Aládùúgbò wa tó ń ránṣọ ní òdìkejì, obìnrin Edo kan tó lẹ́nu bí abẹ, sáré dé pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́. Nígbà tó rí i pé èmi ni, ó jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Madam, your motor don turn spirit o! E no dey come, e just dey appear!"

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fọwọ́ wá àwo ẹ̀gúsí wọn nílẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò tẹ họ́ọ̀nù. Ohun tí aránṣọ náà bi mí nìyẹn. Mo ní, "Àwa kì í tẹ họ́ọ̀nù fún ìyá wa." Ó ní, "Why?" Mo ní mégáàdì ni wọ́n ń tẹ họ́ọ̀nù fún. Ó ní ṣebí géètì kan náà ni wọ́n jọ ń ṣí. Mo ní kì í ṣe géètì kan náà rárá. Nígbà tí Màmá ń gbọ́ mọ́tò tí wọ́n ń dìde fúnra wọn, ìfẹ́ ni. Tí mo bá jókòó sínú mọ́tò tí mo ń tẹ pàà-pàà kí ẹni tó gbé mi sínú fún oṣù mẹ́sàn-án wá ṣílẹ̀kùn fún mi, kí la fẹ́ pe ìyẹn? Aránṣọ náà mi orí. Ó ní Yorùbá ti pọ̀ jù fún òun.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ kẹta, mo dán an wò. Ó rẹ̀ mí, oòrùn mú, mo ní kí n tẹ ẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì. Pí. Màmá wá. Wọ́n ṣí géètì. Wọn ò sọ pé káàbọ̀. Wọ́n tẹ orí ba díẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ wọlé." Mo fò jáde, mo kúnlẹ̀ sórí òkúta, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, pé kò sí ohun tí mo ṣe, ṣebí iṣẹ́ ni mo gbà wọ́n sí. Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ mi ò kan họ́ọ̀nù yẹn mọ́ ní àdúgbò. Kí n fi fóònù pè wọ́n wá ṣí i, irú kan náà ni. Pípè ni pípè.

Bí mo ṣe wá ń ṣí géètì fúnra mi nìyẹn. Mo rò pé ó ti yanjú. Àmọ́ Màmá ò wé gèlè lọ́sàn-án mọ́. Wọn ò pa ẹ̀gúsí lórí fàráńdà mọ́, inú yàrá ni wọ́n ń jókòó sí. Tí mo bá wọlé tí mo kí wọn, wọ́n á ní, "Àṣé o ti dé," bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún èèyàn pé òjò ti rọ̀. Mi ò tún gbọ́ kí wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo bá wọn lórí ibùsùn, wọ́n ń fọwọ́ wá aṣọ wọn, wọ́n ń kó wọn sínú báàgì.

"Dá mi padà sí Ọ̀wọ̀," ni wọ́n wí. "Ilé mi wà níbẹ̀. Mi ò níṣẹ́ níbí mọ́."

Ẹ gbọ́, mo mọ ilé yẹn. Kò sí ẹnìkankan níbẹ̀. Kànga wà lẹ́yìnkùlé, ìdérí rẹ̀ ti jẹrà láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí kò ríran tó sì ní agídí bí ti Màmá mi, ṣé ó máa jókòó kí wọ́n máa pọnmi fún un? Mi ò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá dijú, kànga ni mò ń rí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Kò jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì. "Ta mọ́tò yẹn. Ra elépo. Kí ló le níbẹ̀?"

"Bọ̀ọ̀dá, mo ti búra pé mi ò ní padà sí epo."

"O búra fún ta ni? Ṣé mọ́tò ló bí ẹ ni, àbí Màmá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Àmọ́ mo ṣì jà. Mo lọ bá oníṣẹ́ iná kan, mo ní kó bá mi de sípíkà kékeré sábẹ́ iwájú mọ́tò, kó máa dún bí ẹ́ńjìnnì. Ó ṣe é, ó ń yangàn. Mo yí kọ́nà ní ìrọ̀lẹ́, mọ́tò mi ń ké vùùù-vùùù bí ẹ̀fọn tó jẹun yó, àwọn káfíńtà dáwọ́ iṣẹ́ dúró wò mí. Màmá jókòó sójú fèrèsé yàrá. Wọn ò mira. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ní, "Mọ́tò ta ló ń dún níta yẹn? Ó dà bí mọ́tò inú rédíò." Mo ní mọ́tò mi ni. Wọ́n ní, "Irọ́ ni. Mọ́tò tìẹ máa ń wúkọ́ tó bá ń yí kọ́nà. Má fi mí ṣe ọmọdé." Mo yọ sípíkà náà lọ́jọ́ kejì.

Nígbà náà ni mo túúbá. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó bá mi wá ẹni tó máa ṣe pàṣípààrọ̀. Kò pẹ́ tó fi rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta mọ́tò ní Benin níbí. Ọkùnrin náà á gbé elépo rẹ̀ wá láàárọ̀ Sátidé ní aago mẹ́wàá, á gbé oníná mi lọ. Ní ọjọ́ Fúráídè, mo fọ mọ́tò mi tọwọ́tọwọ́, mo sì sunkún lórí táyà ẹ̀yìn bí ọmọ tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí mi sí epo, inú bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú bí mi sí Màmá pàápàá. Mo sọ fún wọn pé mò ń gba mọ́tò tó ń dún padà. Wọ́n tú gèlè kan jáde nínú báàgì.

Sátidé, mo jí lọ sí ọjà Oliha kí n lè ra iṣu àti ẹja gbígbẹ. Ó kéré tán, kí n fi oníná yẹn na ẹsẹ̀ kẹ́yìn. Mo ń bọ̀, ó ku bí ìṣẹ́jú ogún kí aago mẹ́wàá lù. Bí mo ṣe yí kọ́nà káfíńtà ni mo rí mọ́tò kan níwájú, ó ń wúkọ́, èéfín ń tú. Ọkùnrin tó fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ náà ti tètè dé jù. Ó dé ẹnu géètì mi, géètì sì ti ṣí gbayawu.

Màmá dúró síbẹ̀. Gèlè wà lórí wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti bá wọn gbé, mi ò rí kí ojú wọn tàn báyẹn rí. "Káàbọ̀, ọmọ mi! O káre, ọmọ mi! O ti gbà á padà!" Wọ́n rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, wọ́n na ọwọ́ gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo ṣì kéré, kí wọ́n lè fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wọn.

Irùngbọ̀n ni wọ́n bá.

Wọ́n fa ọwọ́ yọ bí ẹni tí iná jó. Ọkùnrin náà, ó dára léèyàn, ó dọ̀bálẹ̀ nínú mọ́tò níbi tí kò ti sáyè. "Ẹ má bínú, Mà, ẹ má bínú." Màmá yí orí síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. "Ọmọ mi dà? Níbo lọmọ mi wà?" Mo wà lẹ́yìn wọn gan-an, kò tó ìwọ̀n ilé kan. Mo wà nínú mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ láì dún, mo ti dé, wọn ò sì mọ̀.

"Màmá, èmi rè é. Ẹ̀yìn yín ni mo wà."

Wọ́n kọjú sí ibi tí ohùn ti wá. Wọn ò bínú. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Wọ́n kàn sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìdáhùn ìṣirò: "Àṣé mọ́tò ni mo ti ń kí láti ọjọ́ yìí."

Mo jókòó sínú mọ́tò. Mo rántí ara mi fún ọdún mẹ́fà gbáko. Géètì á ṣí, Màmá á ní káàbọ̀ ọmọ mi. Èmi ńkọ́? Gíláàsì mi á wà ní títì nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, fóònù á wà létí mi, màá sì wakọ̀ kọjá. Mo máa ń juwọ́ sí wọn. Ẹ bá mi gbọ́ o: èmi olùkọ́, mo ń juwọ́ sí ẹni tí kò ríran! Tí mo bá ti páàkì, tí mo ti kó ẹrù mi tán, ìgbà náà ni màá wá sọ pé "Ẹ ń lẹ́, Mà." Wọ́n kọ́ mi nílé pé ẹni tó ń bọ̀ láti ìta ló ń kọ́kọ́ kí ilé. Àwọn ará ilé ló ń dáhùn. Èmi ti gbé ìkíni tèmi fún sàlẹ́ńsà tó lu, òun ló ń kí ìyá mi fún mi.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ bá ọkùnrin náà. "Ẹ má bínú, sà. Kò sí pàṣípààrọ̀ mọ́."

"Háà! Mà, ṣebí ẹ̀gbọ́n yín ní…"

"Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ló ń wà á."

Ó gbé mọ́tò rẹ̀ tó ń wúkọ́ lọ. Kò tó wákàtí kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè. Ó pariwo títí mo fi gbé fóònù jìnnà sí etí. Ó ní tí mọ́tò bá ti ga ju ìyá lọ lójú mi, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé wá gbé ìyá òun lọ sí Ọ̀wọ̀, òun á sì máa ti Àkúrẹ́ wá wò wọ́n. Mo bi Màmá bóyá bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dá gèlè padà sínú báàgì.

Lọ́jọ́ Ajé, mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, àmọ́ mi ò mọ ohun tí mo kọ́ wọn. Mo kúrò ní Ekiadolor ní aago mẹ́ta. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí. N kì í ṣe aláriwo ní ìta. Wọ́n ń pè mí ní Dókítà ní àdúgbò wa, mo máa ń fi orí kí èèyàn. Nígbà tí mo dé kọ́nà káfíńtà, mo rí mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi níwájú ilé. Mo wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo sọ gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀.

"Ẹ kúulé o."

Ó jáde bí ohùn ológbò. Káfíńtà tó sún mọ́ mi jù ní, "Mà?" Ojú tì mí dé ìdí. Mo wakọ̀ síwájú díẹ̀.

"Ẹ kúulé o!"

Aránṣọ yọ orí jáde lójú fèrèsé. "Madam, wetin happen? Who die?" Mi ò dá a lóhùn. Mo dé ìtòsí géètì. Ó tì. Mo mí kanlẹ̀, mo yọ orí jáde, mo sì ké e láti ìsàlẹ̀ ikùn, bí Màmá fúnra wọn ṣe máa ń ké e nígbà tí wọ́n bá ń ti oko dé ní Ọ̀wọ̀, tí àwa ọmọ á sì tú jáde:

"Ẹ kúulé oooo! Ará ilé, ẹ kú ilé o!"

Mo pa ọkọ̀ ní ẹnu géètì, mi ò sọ̀ kalẹ̀, mi ò na ọwọ́ sínú ihò, mi ò tẹ nǹkankan. Mo ní tó bá jẹ́ dídúró títí ilẹ̀ máa ṣú ni, màá dúró. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi nínú ọgbà: "Ẹ jókòó, Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ ṣí i fún un." Lẹ́yìn náà mo gbọ́ pọ̀ọ́, bí ìgbà tí ọ̀pá bá ba ojúgun, àti igbe ọkùnrin.

"Jókòó jẹ́ẹ́!" Màmá ni. "Ṣé ìwọ ni wọ́n kí?"

Mo mọ̀ pé gèlè ni wọ́n ń wá nínú báàgì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ, ó ń bọ̀ lórí òkúta wẹẹrẹ: "Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin." Mi ò kánjú. Mo bá wọn kà á nínú mi dé èjìlélógún. Irin géètì ké.

"Káàbọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ kúulé, Màmá. Mo ti dé."

Wọ́n rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò náà, wọ́n fi ọwọ́ tọ irin rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ láti iwájú títí wọ́n fi kan ojú fèrèsé mi, wọ́n sì na ọwọ́ wọlé. Mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sí i. Omijé ti mú un tutù, wọ́n sì mọ ohun tó fà á.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Wọlé. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó gbé báàgì mi padà sí yàrá, ọwọ́ mi dí."

Wọ́n padà lọ di géètì mú.